Kí ló dé tí kò sí ẹran nínú "meat offering"? Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́

Àṣàkẹ́ Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, èyí tí wọ́n ń pè ní King James, la fi ń kà. A dé Léfítíkù orí kejì, a kan "meat offering". Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan nawọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹran náà dà?" Mo wo orí náà látòkè délẹ̀. Ìyẹ̀fun wà níbẹ̀, òróró wà níbẹ̀, tùràrí wà, iyọ̀ wà. Ẹran kò sí. Mo sọ fún un pé n óò dá a lóhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo délé, mo ṣí Bíbélì Yorùbá màmá mi. "Ẹbọ ohun jíjẹ" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ta ló wá ṣì í nínú àwọn méjèèjì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí.

Baba Àtijọ́ kọ:

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tó o bèèrè, ọmọ yẹn náà sì káre. Kò sẹ́ni tó ṣì í. Ọ̀rọ̀ náà ló yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ girama, ìbéèrè yìí sì wà lára èyí tí inú mi máa ń dùn sí jù. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni èdè tí àwọn Angle, Saxon àti Jute gbé wọ erékùṣù Britain láti ìhà ibi tó ń jẹ́ Jámánì àti Denmark lónìí. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ni wọ́n ti ń dé, wọ́n sì ń sọ èdè náà títí di bí ọdún 1100. Ní èdè yẹn, *mete* ni oúnjẹ. Oúnjẹ èyíkéyìí ni o: ẹ̀fọ́, búrẹ́dì, èso, gbogbo ohun tí ń wọ ẹnu. Tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ẹran jíjẹ fúnra rẹ̀, *flæsc* ni wọ́n máa ń sọ, òun ló di flesh.

Nígbà tó fi máa di 1611, meat ṣì lè jẹ́ oúnjẹ lásán. Ìwọ náà wo Jẹ́nẹ́sísì 1:29 nínú Bíbélì kan náà: ewéko àti èso igi ni Ọlọ́run fi fún ènìyàn "for meat". Wo Mátíù 3:4, níbi tí wọ́n ti sọ nípa Jòhánù: eéṣú àti oyin ìgàn ni meat rẹ̀. Ta ní í pe oyin ní ẹran? Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà súnkì títí ó fi kù sórí ẹran nìkan.

Ní ti Bíbélì Yorùbá, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ìtumọ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé, wọn ò tẹ̀ lé ìró. Wọ́n mọ̀ pé ẹbọ ọkà ni. Ìdí nìyẹn tí màmá rẹ kò fi ní ìṣòro tí ìwọ ní.

Ọmọ Èkìtì Kété kọ:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe meat nìkan ló ṣe irú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó súnkì pọ̀ níbẹ̀.

*Dēor* nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ẹranko, ẹranko èyíkéyìí. Àwọn ará Jámánì tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan ṣì ń pe ẹranko ní Tier títí di òní. Ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, ó súnkì di deer, àgbọ̀nrín àti irú rẹ̀ nìkan. *Hund* ni ajá gbogbo, ó di hound, ajá ọdẹ. *Fugol* ni ẹyẹ gbogbo, ó di fowl, ẹyẹ tí à ń sìn. *Steorfan* ni kí ènìyàn kú, ikú tó wù kó jẹ́. Ó di starve, kí ebi pa ènìyàn.

Òmíràn kò súnkì, fífẹ̀ ló fẹ̀. *Bridd* ni ọmọ ẹyẹ tó ṣì wà nínú ìtẹ́. Òun ló wá di bird tí a fi ń pe gbogbo ẹyẹ lónìí. Ó gba àyè fugol, ó sì ti fugol sínú àgò adìyẹ.

Àwa náà mọ irú ẹ̀. Nígbà tí àwọn bàbá ńlá wa bá sọ pé ọkọ̀, èyí tó wà lórí omi tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà ni wọ́n ń sọ. Lónìí, tó o bá sọ fún ọmọ Ìbàdàn pé ọkọ̀ ti dé, ojú títì ló máa wò. Èyí tó ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀ ló wá ń jẹ́ "ọkọ̀ ojú omi" báyìí.

Ará Peckham kọ:

Ẹ kú ìjíròrò o. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kà yín. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ ò sì tíì kan lord!

*Hlāford* ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wọ́n sì máa ń mí h yẹn jáde kí wọ́n tó pe l. *Hlāf* ni búrẹ́dì, òun ló di loaf. *Weard* ni olùṣọ́. Ẹ so wọ́n pọ̀: hlāfweard, olùṣọ́ búrẹ́dì. Ẹnu àwọn ìran tó tẹ̀ lé ara wọn ló ń gé e kúrú: hlāfweard, hlāford, loverd, lord. Lady ńkọ́? *Hlǣfdīge*, obìnrin tí ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Dīge yẹn bá dough tan, ìyẹ̀fun pípò. Ìránṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn sì ń jẹ́ *hlāfǣta*, ajẹ-búrẹ́dì.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣe ya àwòrán agbo ilé kan fún wa: ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ, ẹni tó ń pò ó, ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, ńṣe ni mo gbé ìwé náà sílẹ̀ tí mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ilé ọba àtàwọn olóyè ni lord máa ń mú wá sí mi lọ́kàn tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ pé inú ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kì í sábà pe Ọlọ́run ní hlāford o. *Dryhten* ni wọ́n máa ń lò. Nígbà tó yá ni lord gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, dryhten sì kú kúrò lẹ́nu. Hlāf gan-an wà nínú Àdúrà Olúwa tí wọ́n ń gbà ní èdè wọn, níbi tí àwa ti ń sọ pé "fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa". Búrẹ́dì ni tiwọn, oúnjẹ ni tiwa. Gbogbo rẹ̀ kò jìnnà sí ìbéèrè tí Àṣàkẹ́ mú wá.

Mo tún rántí ọ̀kan. Wọ́n ní ọjọ́ àjọ̀dún kan ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ tí wọ́n ń pè ní *hlāfmæsse*, ìsìn búrẹ́dì, tí wọ́n fi ń bọlá fún ọkà tuntun. Òun ni Lammas. Ẹni tó bá ti jẹ iṣu tuntun nínú oṣù kẹjọ ní ilé wa yóò mọ ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́ fún wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé.

Àṣàkẹ́ Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ̀gbọ́n Ará Peckham, ẹ ṣeun gan-an ni. Olùṣọ́ búrẹ́dì! Ara mi bù máṣọ. Husband ńkọ́? Ṣé òun náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀?

Baba Àtijọ́ kọ:

Ó ní, Àṣàkẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Viking tó wá láti Denmark àti Norway tí wọ́n sì tẹ̀dó sí ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yá a. *Húsbóndi* ni lọ́dọ̀ wọn: hús ni ilé, bóndi ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tó sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Baálé ni, ní kúkúrú. Ó lè má ní ìyàwó rárá, kó ṣì jẹ́ húsbóndi. Ìyàwó wá dé bá ọ̀rọ̀ náà nígbà tó yá.

Wife fúnra rẹ̀, *wīf*, obìnrin lásán ni, ì báà lọ́kọ, ì báà má lọ́kọ. Ìyẹn ló fà á tí agbẹ̀bí fi ń jẹ́ midwife. *Mid* nígbà náà ni "pẹ̀lú". Ẹni tó wà pẹ̀lú obìnrin ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń rò pé mid yẹn jẹ́ àárín, mo sì máa ń gbádùn kí n tú u fún wọn.

*Mann* náà, ènìyàn ni, takọ tabo. Ọkùnrin ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, *wer*, èyí tó ti kú tán àfi nínú werewolf, ọkùnrin tí ń di ìkookò.

Ọ̀dọ́ Ìbàdàn kọ:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Èmi ní èrò kan tó yàtọ̀. Ẹ wo "bí" wa, bíbí ọmọ. Ẹ wo bear àti birth tiwọn. Ẹ ò rí i pé ọ̀kan náà ni? Ó dá mi lójú pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kó o. Mo ti rí fídíò kan tí wọ́n ti to irú ẹ̀ tó pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ọmọ Èkìtì Kété kọ:

Àbúrò, mo mọ̀ pé ìfẹ́ èdè wa ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ kan náà ló sì wà nínú tèmi. Nítorí ìfẹ́ yẹn ni mo fi gbọ́dọ̀ sọ fún ọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

*Beran* ni bear ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Kí a gbé nǹkan rù ni ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́: gbé ẹrù, gbé idà, gbé oyún. Ẹbí rẹ̀ wà káàkiri. Ferre ni lédè Látìn, pherein ni lédè Gíríìkì, gbígbé ni gbogbo wọn. Lóòótọ́, ìró wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe yàtọ̀ ní òfin. Ibi tí Látìn bá ti ní p ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, f ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní: pater ni *fæder*, bàbá, piscis ni *fisc*, ẹja, pedem ni *fōt*, ẹsẹ̀. Jacob Grimm, ọmọ Jámánì tó kó àwọn àlọ́ jọ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, ló gbé òfin yìí kalẹ̀ fún ayé ní 1822. Irú ìbáramu bẹ́ẹ̀, tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, la fi ń mọ ẹbí. Ọ̀rọ̀ kan tó jọ ọ̀kan kò tó.

Ní èdè Páṣíà, tí wọ́n ń sọ ní Iran, "bad" ni ohun tí kò dára. Bad náà ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ kan náà. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n rí i pé kò sí nǹkan kan tó pa wọ́n pọ̀. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Tó o bá ń wá ẹbí "ọmọ" wa, má lọ sí òkè òkun. Lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìgalà àtàwọn Ìṣẹ̀kírì, wàá gbọ́ "ọma". Ìyẹn ni ìbátan tòótọ́.

Ọ̀dọ́ Ìbàdàn kọ:

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi pariwo mọ́ mi. N óò lọ wo ti Ìgalà yẹn.

Awo Òṣogbo kọ:

Mo ti ń kà yín láti òwúrọ̀. Kí n béèrè nípa ọ̀rọ̀ kan tí mo rí: *wyrd*. Wọ́n ní òun ló di weird. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí i, ó jọ pé ohun tó wúwo ju "ohun àjèjì" lọ ni.

Ará Peckham kọ:

Ó wúwo gan-an, Bàbá Awo. Wyrd ni ohun tí a yàn mọ́ ènìyàn, ohun tí yóò ṣẹ. Láti inú *weorþan* ló ti wá, kí nǹkan di ohun tó máa dà. Ó wà nínú ewì Beowulf, níbi tí akọni náà ti ń sọ ṣáájú ìjà pé bí wyrd bá ṣe ní kó rí ló máa rí. Ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo ni ewì yẹn kù sí láyé, èyí tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Iná jó ilé tí wọ́n kó o sí ní 1731, etí àwọn ojú ìwé rẹ̀ sì rún. Ó wà ní British Library báyìí.

Ní ilẹ̀ Scotland ni wyrd ti pẹ́ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn. Shakespeare lò ó nínú eré orí ìtàgé rẹ̀ kan fún àwọn obìnrin mẹ́ta tó sọ ọjọ́ iwájú fún Macbeth, weird sisters, àwọn tó mọ àyànmọ́. Àwọn tó wá ń wo eré náà lẹ́yìn náà rí i pé ìrísí àwọn obìnrin yẹn ṣàjèjì, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kó sórí ìrísí nìyẹn, tó fi àyànmọ́ sílẹ̀.

Awo Òṣogbo kọ:

Háà. Ó dùn mí díẹ̀, kí n sọ òótọ́. Ká ní ẹnì kan lè mú "àkúnlẹ̀yàn" wa kó sọ ọ́ di "ohun tó rí wúruwùru", bí yóò ṣe rí lára mi nìyẹn.

Thursday ńkọ́? Mo gbọ́ pé ti òrìṣà ni.

Baba Àtijọ́ kọ:

Bẹ́ẹ̀ ni. *Þunresdæg*, ọjọ́ Thunor, ẹni tó ni àrá. Thunder àti orúkọ rẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀, ẹ ní ọjọ́ Jàkúta fún Ṣàngó, torí náà èyí kò lè ṣàjèjì sí yín. Wednesday ni ti Woden, Friday ni ti Frig. Àwọn ará Róòmù ló ti fi ọjọ́ fún àwọn òrìṣà tiwọn ṣáájú. Àwọn ará àríwá kàn fi tiwọn dípò ni, wọ́n ń wo èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti èkejì. Wọn ò fi ẹnì kankan dípò Saturn ní tiwọn, ìyẹn ló fi wà nínú Saturday bó ṣe wà.

Tuesday ni ti Tiw, òrìṣà ogun. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò pariwo "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun!" Ẹ rọra o. Ẹ rántí ohun tí Ọmọ Èkìtì sọ nípa kòńgẹ́.

Àṣàkẹ́ Ẹ̀gbá kọ:

Èmi gan-an ni mo fẹ́ pariwo, sà. Mo ti gbé e mì.

Gospel ńkọ́? Torí ìhìnrere náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ.

Baba Àtijọ́ kọ:

Ìhìnrere gan-an ni, ọmọ mi, láìfi nǹkan kan yọ. *Gōd* tí wọ́n fa o rẹ̀ gùn ni rere. *Spel* ni ìhìn, ìròyìn, ìtàn. Gōdspel: ìhìn rere. Àwọn méjèèjì, àwọn Saxon ní tiwọn àti àwọn tó túmọ̀ sí Yorùbá ní tiwa, ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni, wọ́n sì ṣe é lọ́nà kan náà láìríra, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún láàárín wọn. Nígbà tó yá, o náà di kúkúrú lẹ́nu wọn, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé God, Ọlọ́run, ló wà nínú rẹ̀.

Bàbá Awo, èyí tó kàn yín ni pé spel yẹn náà ló di spell, ọfọ̀.

Atẹ̀wé Ṣómólú kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, torí ó kan iṣẹ́ mi. Ẹ ti ń kọ lẹ́tà kan báyìí, þ. Lẹ́tà wo nìyẹn?

Ará Peckham kọ:

Thorn lorúkọ ẹ̀, ẹ̀gún. Ìró tó bẹ̀rẹ̀ the àti thing ló ń dúró fún. Láti inú àwọn àmì runic tí wọ́n ń gbẹ́ sára igi àti òkúta ni wọ́n ti mú un, torí lẹ́tà Látìn kò ní ohun tó lè gbé ìró yẹn. Wọ́n tún ní ð, wọ́n ní æ, wọ́n ní wynn, ƿ, fún ìró w.

Iṣẹ́ yín ló kàn lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476, ní Westminster. Òkè òkun, ní Cologne ní ilẹ̀ Jámánì, ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ará Flanders, ní ìhà ibi tó ń jẹ́ Belgium lónìí, sì ni lẹ́tà òjé rẹ̀ ti wá. Kò sí thorn láàárín wọn, torí àwọn ará ibẹ̀ kì í lò ó. Nínú ìwé àfọwọ́kọ ìgbà yẹn, ojú thorn ti jọ ti y, ni àwọn atẹ̀wé bá ń fi y dípò. Gbogbo "Ye Olde" tẹ́ ẹ máa ń rí lára pátákó ilé ìtajà ní ìlú yìí, the ni. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní "yii" nígbà tó wà láyé.

Atẹ̀wé Ṣómólú kọ:

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé láti ìgbà tí a ti ń fọwọ́ to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà á gbé ìwé Yorùbá wá, ọ̀gá mi á wò ó, á ní kò sí ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ tó pọ̀ tó, ká fi e dípò. Ṣ á di s. Ohùn orí lẹ́tà ńkọ́? A ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Bí ìwé ṣe ń jáde nìyẹn, tí "ọ̀kọ̀", "ọkọ", "ọkọ̀" àti "ọkọ́" ń jẹ́ "oko" kan ṣoṣo. Mo rò pé ìyà àwa nìkan ni. N kò mọ̀ pé ó ti jẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, débi pé lẹ́tà kan kú pátápátá nítorí pé kò sí nínú àpótí atẹ̀wé.

Láti ọdún méjì sẹ́yìn, n kì í tẹ ìwé Yorùbá kankan láìsí àmì mọ́. Tí oníbàárà bá ní kò pọn dandan, èmi ni mo máa ń bá a fi wọ́n sí i, láìgba kọ́bọ̀ lé e.

Baba Àtijọ́ kọ:

Kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ní 1875, àwọn míṣọ́nnárì àtàwọn ọmọ Yorùbá jókòó ní Èkó nítorí bí a ó ṣe máa kọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lò ń bá lọ.

Ọmọ Èkìtì Kété kọ:

Bí a ṣe ti dárúkọ Caxton, ó sọ ìtàn kan ní 1490 tí ń kò lè gbàgbé. Àwọn oníṣòwò kan wà nínú ọkọ̀ lórí odò Thames, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun Kent láti wá oúnjẹ. Ọ̀kan nínú wọn béèrè *egges*, ẹyin, lọ́wọ́ obìnrin kan. Obìnrin náà ní òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, torí òun náà kò gbọ́ Faransé. Ẹlòmíràn ló wá sọ pé *eyren* ni ó ń fẹ́, ni obìnrin náà bá ní òun gbọ́ ọ yé báyìí. Ọ̀rọ̀ àwọn Viking ni egg, eyren ni ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Caxton ń béèrè pé èwo ni kí òun tẹ̀ sínú ìwé.

Àwa tí à ń sọ "ulé" nígbà tí ìwé ń kọ "ilé" mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe rí lára.

Ohun kan tún wà. Atẹ̀wé wa dárúkọ kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e padà. Copper ni kọ́bọ̀, bàbà, torí bàbà ni wọ́n fi ń rọ owó kékeré. *Coper* ni ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wọ́n yá a láti inú cuprum èdè Látìn, ìyẹn sì ń tọ́ka sí erékùṣù Cyprus, ibi tí àwọn ará Róòmù ti ń wa bàbà. Orúkọ erékùṣù kan nínú Òkun Mẹditaréníà ló wà lára owó wa láti 1973. Ṣọ́ọ̀ṣì náà rìn jìnnà bẹ́ẹ̀: kyriakon ni lédè Gíríìkì, "ti Olúwa", ó di *cirice* lẹ́nu àwọn Saxon, ó di church, ó dé ọ̀dọ̀ wa, a sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀dọ́ Ìbàdàn kọ:

Ẹ̀gbọ́n, èyí wá dùn ju fídíò yẹn lọ. Àwọn wo ni a yá lọ́wọ́ wọn tún wà? Mo rò nípa beef. Tíṣà wa sọ pé cow àti sheep jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì torí àwọn ni wọ́n ń da ẹran, beef àti mutton jẹ́ ti Faransé torí àwọn ọ̀gá tó ṣẹ́gun wọn ní 1066 ló ń jẹ ẹ́.

Baba Àtijọ́ kọ:

Ibi tí wọ́n ti wá tọ̀nà: *cū* àti *scēap* jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, beef àti mutton jẹ́ ti Faransé. Ṣùgbọ́n wọn ò pín in gún régé bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àgùntàn tó wà láàyè ní mutton, tí wọ́n sì ń pe màlúù tó ń jẹko ní beef. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìpín náà tó dúró. Àwa kò tilẹ̀ pín in rárá: ẹran ni a so mọ́lẹ̀, ẹran náà la sè.

Àṣàkẹ́ Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo yín. Mo ti dá ọmọ náà lóhùn lọ́jọ́ Àìkú. Mo kọ mete sójú pátákó, mo ní kí wọ́n ṣí Jẹ́nẹ́sísì 1:29 kí wọ́n wá ẹran níbẹ̀ fún mi. Wọ́n wá a tì. Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ló pariwo pé, "Àǹtí, oúnjẹ ni!" Mo wá sọ ti olùṣọ́ búrẹ́dì fún wọn, ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọmọbìnrin kan tún wá gbé òmíràn dé. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 10:42, "judge of quick and dead". Ó ní ṣé àwọn tó ń yára ni Jésù yóò ṣe ìdájọ́ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ wo ti màmá mi. "Alààyè àti òkú" ló wà níbẹ̀. Ṣé quick ni alààyè?

Baba Àtijọ́ kọ:

Òun ni, ọmọ mi. *Cwic*, ohun tó ní ẹ̀mí. Ohun tó ní ẹ̀mí ń mira, ohun tó ń mira ń yára, ọ̀nà tó gbà dé ibi tó wà lónìí nìyẹn. Sọ fún ọmọ náà kó wo èékánná rẹ̀. Ẹran ara tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí a bá gé èékánná wọ̀ ọ́ tí í dùn wọra, quick ni Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pè é títí di òní, torí èékánná ti kú, ibẹ̀ yẹn ló wà láàyè.